Orí Méjì, Ara Kan: Ẹ̀kọ́ Ogbè-Yọ́nú Lórí Ejò Olórí Méjì



Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ọbàtálá tó ń mọ ẹ̀dá nínú òkùnkùn ikùn. Ìbà ẹ̀yin àgbà awo tí ẹ ti lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà. Kí ìbà wa ṣẹ o.

 Ọ̀rọ̀ ejò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ejò, kó fọkàn balẹ̀, kó jókòó. Ejò tí à ń wí yìí kò gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ, kò sì ní oró.

Ọmọ awo kan tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé sí mi. Ó ń sin ejò nínú ilé bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń sin ajá. Corn snake ni wọ́n ń pe irú èyí tó ń sìn, ejò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo pupa, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sìn ín. Abo kan nínú wọn yé ẹyin, ó kó ẹyin náà sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í là. Bí ọ̀kan ṣe yọ síta báyìí, orí méjì ló ní: ojú mẹ́rin, ẹnu méjì, ahọ́n méjì, ọrùn tó là sí méjì bí ẹ̀ka igi. Ṣùgbọ́n ara kan, ìrù kan.

Ọmọkùnrin náà ò bẹ̀rù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù márùn-ún, ìyá ìyàwó sì ti dé láti ilé. Màmá rí ejò, wọ́n fi igbe ta. Wọ́n ní kí wọ́n pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, pé ohun tí aboyún bá ń wò ni yóò bí. Àfi bíi pé ìyẹn ò tó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún pè é lórí fóònù pé òun ní oníbàárà nílé, pé owó gidi ni àwọn kan máa san fún orí ejò méjì, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ owó.

Ó wá bi mí pé: "Bàbá, ṣé kí n pa á ni, ṣé kí n tà á ni, àbí kí n máa tọ́ ọ lọ? Àna mi ò bá wa jẹun mọ́."

Ó gbà mí láàyè kí n dáhùn ní gbangba. Ìbéèrè yìí ju ti ejò lọ, ẹ máa rí i bí a bá ṣe ń lọ.

OHUN TÍ IFÁ SỌ

Mo dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ lórúkọ rẹ̀ àti lórúkọ ìyàwó rẹ̀. Odù tó jáde ni Ogbè-Ògúndá, èyí tí àwa awo ń pè ní Ogbè-Yọ́nú. Ìyàwó mi ló bá wọn di ìbò: owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bi Ifá bóyá ikú tàbí àrùn ló bá ejò yìí wọlé. Ifá mú egungun. Mo bi í bóyá ire ló wà nínú ilé náà. Ifá mú owó. Mo bèèrè irú ire wo. Ifá ní ire ọmọ.

Ẹ gbọ́ o: ilé tí ẹ̀rù ọmọ ti ń bà wọ́n gan-an ni Ifá ti ń pe ire ọmọ.

Nínú Ogbè-Yọ́nú ni ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta wà, ìtàn tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wá sáyé láti ọ̀run. Wọn ò lè dé ayé láìní orí, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ lọ sílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má yà sí ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ tààrà. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a nílé, wọ́n bá wọ yàrá orí, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú. Wọn ò mọ̀ pé àwọn kan sán, pé àwọn kan ò jinná nínú iná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láyé, òjò lù wọ́n, amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nígbà tí wọ́n fi délé ayé, orí tó kù lọ́rùn wọn kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àtúnṣe orí ló ń jẹ ẹ́.

Afùwàpẹ́ ní tòun ò lè ṣe kí òun má kí bàbá òun. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bu iyọ̀ fún un. Oníbodè tọ́ ọbẹ̀ wò, ara rẹ̀ yá, ó ní òun á mú un dé ilé Àjàlá fúnra òun. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá olówó tó wá sin gbèsè, Àjàlá sì ti sá sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀kan fi dún gbọn-in gbọn-in. Ìyẹn ni Afùwàpẹ́ gbé wáyé. Òjò lù ú, kò yọ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá sọ ìtàn yìí, à ń sọ ọ́ torí ẹni tó yan orí rere. Ẹ jẹ́ ká yí ojú wa sí ẹ̀gbẹ́ kejì lónìí. Ẹ wo Àjàlá fúnra rẹ̀. Onígbèsè ni. Ó ń sá fún olówó. Lára orí tó mọ, àwọn kan sán. Ifá kò bo èyí mọ́lẹ̀ fún wa. Àwọn baba wa mọ̀ pé nǹkan ń wá láti ọ̀run tí kò jọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ò sì purọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nígbà tí Afùwàpẹ́ wọ yàrá yẹn, tó rí àwọn orí tó sán, ṣé ó gbé kùmọ̀, ó ń fọ́ wọn ni? Kò fọ́ ọ̀kan. Iyọ̀ ló fi wọlé, gbèsè ẹlòmíì ló san. Ohun tó gbé e dé ibi ire, inú rere ni.

Orúkọ odù náà sọ ọ́. Yọ́nú: kí inú yọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ ò lè yọ́, tó bá délé Àjàlá, kò sẹ́ni tó máa bá a yan orí.

KÍ LÓ TILẸ̀ FA ORÍ MÉJÌ?

Awo tó bá fi òye ṣe awo kì í sá fún ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Nínú ẹyin kan, ọlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà míì ọlẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu ṣe máa ń pín. Bí ó bá pín tán, ìbejì ló dé yẹn. Bí pípín náà bá dúró lágbedeméjì, ejò olórí méjì ló dé. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àlè, kì í ṣe ẹni tí aboyún wò.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè wọlé: ìbejì ni ejò yìí, ìbejì tí kò rí àyè parí.

Àwọn àgbà sì sọ fún wa pé ìgbà kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń bẹ̀rù ìbejì, tí àwọn ibì kan kì í jẹ́ kí wọ́n yè. Lónìí ńkọ́? Ta ni yóò pàdé Táyé àti Kẹ́yìndé lọ́jà tí kò ní tọwọ́ bàpò? A ti yí padà nípa ìbejì, a sì rí ìbùkún nínú ìyípadà náà. Ẹni tó ń sọ pé Yorùbá ò yí èrò padà rí, kó lọ bi ìyá ìbejì.

Ẹ̀dá yìí kì í sì í ṣe tuntun. Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì, ti kọ nípa ejò olórí méjì láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ní ayé tiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Burghardt ní University of Tennessee tọ́jú ọ̀kan tí wọ́n sọ ní IM. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún láyé. Ní ìlú St. Louis, òmíràn wà ní World Aquarium tí wọ́n ń pè ní We, ìyẹn "Àwa". Wọ́n pa á lọ́mọ ní 1999, ó kú ní 2007. Ẹ máa gbọ́ èyí o: We, afín ni. Afín tún ni, olórí méjì tún ni! Ẹni òrìṣà lọ́nà méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé ló wò ó tó sì padà sílé láyọ̀.

Ní ọgbà ẹranko San Diego, corn snake olórí méjì kan wà tí wọ́n sọ ní Thelma and Louise. Ó bí ọmọ 15. Olórí kan ni gbogbo wọn. Màmá wa ní ohun tí a bá wò ni a ó bí. Ejò tó ní orí méjì fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ bí olórí méjì, mélòó mélòó ẹni tó kàn wò ó?

ÀÌRÌNPỌ̀ EJÒ

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá síwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá wọ́ tuuru lẹ́yìn, ta ni yóò gbé igi? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ejò olórí méjì. Òun ò rìn ní òun nìkan rí láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Kí ló wá ń jẹ ẹ́ níyà?

Àwọn tó tọ́ ọ ti sọ ohun tí wọ́n rí. Orí ọ̀tún fẹ́ lọ sábẹ́ òkúta, orí òsì fẹ́ lọ síbi omi, ara á dúró gbagidi láàárín. Nínú igbó, bí àṣá bá yọ báyìí, kí wọ́n tó fẹnu kò, àṣá ti gbé wọn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí i kó dàgbà nínú igbó. Èyí tó tún burú jù ni oúnjẹ. Ahọ́n ni ejò fi ń gbóòórùn. Á ná an síta, á fà á wọlé, á fi kan òkè ẹnu rẹ̀ nínú, níbẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tó wà níwájú. Bí orí kan bá gbé eku, òórùn eku á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Orí kejì á gbóòórùn yẹn, á rò pé eku ni ẹ̀gbọ́n òun, á sì fẹ́ gbé e mì. Burghardt rí i pé orí méjèèjì IM ń jà du oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí ọ̀tún bá gbé àti èyí tí òsì bá gbé, ara kan náà ló ń bọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ejò là ń bá wí àbí ara wa?

Ifá kọ́ wa pé gbogbo ènìyàn ló ní orí méjì. Orí òde nìyí tí a ń fi gèlè sí, tí a ń fá, tí ayé ń rí. Orí inú ni èyí tí a gbà lọ́dọ̀ Àjàlá, tí ojú ò rí, tí à ń fi obì àti omi tútù bọ. Orí la bá bọ, a bá fòrìṣà sílẹ̀. Ìgbà tí orí òde bá ń wá owó tí orí inú ò yàn, tó ń du ipò tí kò bá ìpín rẹ̀ mu, ìgbà yẹn gan-an ni orí méjì ń fà ara kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ á máa sáré, kò ní dé ibi kankan. Á jẹun, kò ní yó. Ọlọ́run kàn fi ohun tí gbogbo wa gbé pamọ́ sí abẹ́ fìlà han lára ejò kékeré yìí ni.

Bákan náà ló rí nínú ilé. Ọkọ ní orí kan, ìyá ìyàwó ní orí kan, ọmọ tó wà nínú oyún ni ara tí wọ́n jọ ń bọ́. Àna tó bínú tí kò jẹun àti ọkọ tó bínú tí kò sọ̀rọ̀, ikùn wo ni ebi ń pa?

ẸNI ÒRÌṢÀ

Ọbàtálá ló ń mọ ẹ̀dá. Gbogbo wa la mọ ìtàn ọjọ́ tó mu ẹmu, tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lórí amọ̀, tí àwọn kan fi jáde pẹ̀lú iké, tí àwọn kan jáde láìlè rìn, tí àwọn kan funfun. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kí ló ṣe? Kò kó wọn dànù. Ó ní tòun ni wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń pe abuké, arọ, aràrá àti afín ní ẹni òrìṣà, ìdí sì nìyí tí àwọn olórìṣà-ńlá kì í fi í mu ẹmu dòní. Èèwọ̀ tó wà nínú ìtàn yẹn, ọ̀dọ̀ amọ̀ràn ló wà. Kò sí lára ẹni tí wọ́n mọ. Ẹ wo bí a ṣe yí i sódì! Ẹni tí ọwọ́ gbọ̀n mọ ni a wá ń dá lẹ́bi.

Nítorí náà bí aláboyún bá kọjá, àdúrà wa ni pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò ó. Àdúrà dáadáa ni, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àdúrà yẹn ò parí síbẹ̀. Bí òrìṣà bá ya ọnà tí kò jọ ti gbogbo ènìyàn, ọnà òrìṣà ṣì ni. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti bí ọmọ tí ètè rẹ̀ là, tí wọn ò jẹ́ kí aládùúgbò rí i fún odidi ọdún, nígbà tó jẹ́ pé dókítà lè rán an. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ tí màmá ń sọ sí ejò yìí ni: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹnu tí a fi ń lé ejò ni a ó fi lé ọmọ, bí a ò bá ṣọ́ra.

Ẹni tó wá fẹ́ ra orí méjì fún iṣẹ́ owó ńkọ́? Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkàwé. Ẹni tó ń wá orí ejò méjì lónìí ló ń wá iké abuké lọ́la, òun náà ló ń lé àwọn afín kiri. Ọ̀nà kan náà ni, oníbàárà kan náà ni. Kò sí ibì kan nínú Ifá tí mo kọ́ tí Ọ̀rúnmìlà ti ní kí a fi ẹni òrìṣà ṣe owó. Babaláwo tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dìde níwájú rẹ̀, ẹ máa lọ. Mo sọ fún ọmọ awo wa pé kó yọ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yẹn kúrò nínú fóònù rẹ̀.

Àwọn kan á ní ejò ni ejò ń jẹ́, ìran Yorùbá ò bá ejò ṣeré. Ṣé lóòótọ́? Ta wá ni Òṣùmàrè tó ká ara rẹ̀ yí ayé po, tí àwọn ọmọ wa ní Bahia ní Brazil ń bọ dòní gẹ́gẹ́ bí Oxumarê? Ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Fọn ti ń bọ Dangbe, ilé òjòlá wà láàárín ìlú, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Bí òjòlá kan bá rìn wọ ilé ènìyàn lóru, wọn kì í gbé igi. Wọ́n á rọra gbé e, wọ́n á dá a padà sílé rẹ̀.

ÈÈWỌ̀ MÀMÁ

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí màmá yìí ò jẹ̀bi tán.

Wọ́n ní kí aboyún jìnnà sí ejò. Ìdí tí wọ́n sọ ò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe tọ̀nà. Ejò, alángbá, ìjàpá, gbogbo wọn lè gbé kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Salmonella sínú ìgbẹ́ wọn àti sára wọn, láìjẹ́ pé ara tiwọn ń ro wọ́n. Bí ó bá kan ọwọ́, tó ti ọwọ́ dé ẹnu, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń fà. Ó léwu fún aboyún, fún arúgbó, àti fún ọmọdé jù. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìlera wọn, CDC, kò fọwọ́ sí i kí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà.

Ẹ rí i? Àwọn ìyá wa á fi èèwọ̀ dí ọ̀nà, àwa ọmọ á rí i pé ìdí tí wọ́n sọ ò dúró, a ó sì gbé èèwọ̀ náà sọnù tòun tọgbọ́n inú rẹ̀. Èyí náà, àìgbọ́n ni. Èèwọ̀ dà bí ìkarahun ìgbín. Má fọ́ ọ kó o tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌ́ Ọ

Ìmọ̀ràn tí mo fún un nìyí, mo bá àwọn tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́.

Kó gbé ejò kúrò ní ibi tí wọ́n ń sùn àti ibi tí wọ́n ti ń dáná. Òun nìkan ni kó máa fọwọ́ kàn án. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbà gbogbo, kó má fọ àwo omi ejò níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.

Kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò, kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, kí wọ́n mọ orí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ já geere dé ikùn. Orí yẹn ni kí wọ́n máa fún ní oúnjẹ. Eku kékeré tí kò tíì hu irun ni, òkú eku tí wọ́n ti yọ nínú yìnyín, ní bí ọjọ́ márùn-ún sí méje síra. Bí ọ̀kan bá ń jẹun, kó fi páálí fẹ́lẹ́ dí àárín orí méjèèjì, kó má mú un kúrò títí oúnjẹ á fi wọ inú ara lọ. Lẹ́yìn náà kó fi omi nu ẹnu tó jẹun, kí òórùn má ba à fa ìjà. Kó má gbé e fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn oúnjẹ.

Ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tóbi jù, kò sì gbọ́dọ̀ ní igi gíga tó lè ti orí rẹ̀ já bọ́. Apá kan kó móoru tó bí 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, apá kejì kó tutù díẹ̀, kí ara lè yan èyí tó fẹ́. Ibi ìsápamọ́ tó fẹ̀ tó orí méjì ni kó ṣe fún un.

Mo sì sọ òótọ́ fún un: ọ̀pọ̀ irú wọn kì í pẹ́ láyé. Bí dókítà bá rí i pé kò lè jẹun, pé ìrora ló wà nínú rẹ̀, kí dókítà ràn án lọ́wọ́ kó sinmi wọ́ọ́rọ́wọ́. Ikú àánú yàtọ̀ sí ikú ìbẹ̀rù. Ọwọ́ tó ń pa kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtìjú ló ń bò mọ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: kí ọmọ tó dé, kó wá olùtọ́jú tó mọ ejò, tí kò ní ọmọ kékeré nílé, tàbí ọgbà ẹranko, kó fi ejò yìí tọrẹ. Kó má tà á. Kó má pa á. Kó fi í lé ọwọ́ tó lè gbé e. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá nífẹ̀ẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé wa.

ẸBỌ

Ẹbọ tí Ifá yàn kò nira: iyọ̀, owó, obì, omi tútù. Kí ọkọ bọ orí rẹ̀, kí ìyàwó bọ tirẹ̀, kí wọ́n sì bẹ màmá kí wọ́n jókòó láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ ọ́. Kí wọ́n pín iyọ̀ fún aládùúgbò. Kí wọ́n wá ẹnì kan tí gbèsè há mọ́, kí wọ́n bá a san díẹ̀, bí Afùwàpẹ́ ti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹbọ àkọ́kọ́, ẹnu la fi í rú: kí ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, kó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ ń ṣọ́ ọmọ wa. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà lórí pé kó jìnnà sí aboyún."

Ó ti ṣe é. Màmá gbà kí ejò wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì títí wọn ó fi rí ẹni tí yóò gbà á. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àwọn wá wò ó o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sídìí tábìlì, wọ́n jọ ń jẹun. Páálí fẹ́lẹ́ tó wà láàárín orí méjèèjì, ìyẹn ni sùúrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wo ilé yín. Ọmọ wo lẹ fi pamọ́? Arábìnrin wo ni kì í jáde nígbà tí àlejò bá dé? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un lónìí. Ẹni òrìṣà ni, olówó rẹ̀ ń wò yín.

Kí orí inú wa má bá orí òde wa jà. Kí ohun tí ọ̀tún bá rí, kí òsì má bà á jẹ́. Aboyún ilé wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọmọ tí òrìṣà bá yà, bó ti wù kó ya ọnà rẹ̀, kó bá wa nínú ilé tí inú ti yọ́. Orí wa ò ní yọ́ nínú òjò ayé. Ire owó, ire ọmọ, ire àìkú parí ìwà.

Àṣẹ o. Àbọrú, àbọyè.